Bírò Pupa Lórí Máàpù

Ọkùnrin ilé-iṣẹ́ iná tẹ́ máàpù sórí tábìlì ìdáná wa,
ó fi agolo ṣúgà tẹ etí rẹ̀ kan,
ó fi ife tíì ìyá àgbà tẹ èkejì,
ó yọ bírò pupa.
Ó ní kí n bi í:
Ibo lẹ ti ń dẹ pàkúté? Ibo lẹ ti ń já èso?
Àmì kan fún ibì kan, ẹ jọ̀ọ́.

Èmi ni ògbufọ̀.
Owó wákàtí méjì ni wọ́n máa san fún mi,
èmi Rósánì, ọmọ ọmọ Domitila Ouskan,
tí mo gbọ́ èdè Kíríì
bí ẹni tó ń gbọ́ òjò láti inú yàrá:
mo mọ̀ pé ó ń rọ̀, n ò lè ka ẹ̀kán rẹ̀.

Ìyá àgbà wo máàpù náà títí.
Ó fi ìka tẹ adágún wa, ó ní ó ti kéré jù.
Mo ní wọ́n dín in kù kó lè gba orí ìwé ni.
"Ta ni wọ́n bi kí wọ́n tó dín in?"
N ò túmọ̀ ìyẹn.

Ó ní níbi tí odò ti ká bí ìgúnpá,
ibẹ̀ ni Sákárí ọkọ òun ti ń dẹ okùn fún ehoro
lọ́dún tí yìnyín kọ̀ tí kò yọ́ títí dé oṣù kẹfà.
Ó ní ẹ̀yìn òkè kékeré ni èso aláwọ̀ aró wà,
èyí tí í kun ahọ́n ọmọdé
bí ẹni tó jí ìkòkò aláró lá.
Ó ní ibì kan tún wà
tí òun kì í já nǹkan kan níbẹ̀,
tí òun kì í dẹ, tí òun kì í dáná.
Òun a kàn jókòó.

Bírò pupa dúró lókè.
"Kí ni kí n kọ síbẹ̀? Ṣé itẹ́ òkú ni? Ṣé ibi ewé oògùn ni?"
Mo bi í.
"Sọ fún un pé ìjókòó ni."
Kò sí ìjókòó nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀.
Ó fò ó.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àmì mẹ́tàdínlógún ti wà lórí ìwé,
bí ara ọmọ tí éèyí mú.
Ó gbé rúlà, ó fa ìlà dúdú láàárín wọn,
ó yẹ̀ ẹ́ sápá òsì díẹ̀,
ó wá rẹ́rìn-ín: "Ẹ wò ó, kò kan ẹyọ kan."

Ìyá àgbà tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sórí máàpù, ó la ìka.
"O ka ìka mi, ó pé.
O wá gba àtẹ́lẹwọ́ mi kọjá."

Èyí ni mo túmọ̀ dáadáa.
Kò kọ ọ́ sílẹ̀.

*

Ọdún mẹ́fà rèé tí àwọn òpó ti dúró.
Iná inú wọn ń lọ sí àwọn ìlú gúúsù Manitoba;
nílé wa, jẹnẹrétọ̀ ló ṣì ń wúkọ́ lẹ́yìnkùlé.
Wọ́n gé igbó abẹ́ wáyà, oòrùn wọlé,
èso aláwọ̀ aró sì so níbẹ̀, ó tóbi bí àtàǹpàkò,
n ò rí irú rẹ̀ rí.
Ìyá àgbà sáré gbé korobá.
Pátákó kan dúró nínú koríko.
Kò mọ̀wé. Ó wo ojú mi.
Mo kà á fún un: wọ́n ti fín oògùn apakoríko síbí,
ẹ má ṣe já a.

Ó da korobá dojú dé, ó jókòó lé e.
Mo jókòó sórí ilẹ̀.
Lókè wa, wáyà ń kùn, ń kùn, kò mí.
"Ìwọ ògbufọ̀," ó ní, "kí ló ń sọ?"

Mo dẹtí títí.
Mo ní, Ìyá àgbà, n ò gbọ́ èdè rẹ̀.